Àlejò Tí A Kun Ògiri Dè

Yàrá Òkè, Ilé Ìyá Onílé,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Yìnyín.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta.

Ọ̀pá-iná, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni mo fi kọ ìwé yìí láti fi ọ̀rọ̀ ńlá kan tó ọ létí. Bí o bá wà ní ìdúró, jókòó. Bí o bá ti jókòó, di nǹkan mú. Wọ́n ti gbé àga kejì kúrò nínú ọ́fíìsì mi.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ló ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin méjì láti ẹ̀ka tó ń bójú tó ohun èlò wọlé, wọ́n wo àga náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní ta ló ń jókòó sórí rẹ̀. Mo ní àlejò ni. Wọ́n ní àlejò wo? Mo ronú títí, mi ò rí ẹnì kan dárúkọ. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní kí n má bínú, pé ibi tí èèyàn ń dé ni wọ́n ti nílò àga. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè bí ẹran tó kú, wọ́n gbé e jáde. Ó wá ku èmi, tábìlì, àti fèrèsé tí kì í ṣí.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí, a kì í ka àṣìsọ sí ọlọ́fọ̀ lọ́rùn. Jẹ́ kí n padà sẹ́yìn kí n kí ọ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ń le? Màmá ńkọ́, orúnkún wọn ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, bí o bá ti fẹ́ ẹ? Àwọn ọmọ ńkọ́, bí wọ́n bá ti dé? Bí wọn kò bá tíì dé, kí wọ́n má kánjú, ìta gbóná. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì pé bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, àbí wọ́n ti ń jí i níbẹ̀ náà? Ní tèmi, ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń padà bọ̀. Bí mo bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, irọ́ ni.

Má rò pé mo kàn dákẹ́ láti ọjọ́ yìí ni. Mo pe nọ́ńbà rẹ. Obìnrin kan ló gbé e. Ó ní ó ti pẹ́ tí nọ́ńbà náà ti di ti òun, pé kí n jọ̀ọ́ má pe òun mọ́. Àmọ́ kó tó pa fóònù, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, nítorí ohùn mi kò dún bí ohùn ẹni tó jẹun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo tún pè é, mo ṣe bí ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè. Ó ní, “Ìwọ ni àná, àbí? Lọ jẹun, jàre.” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ra bébà àti àpòòwé. Ilé-iṣẹ́ tí o dárúkọ fún mi lọ́jọ́ tí o kó jáde ni mo fi í ránṣẹ́ sí. Bí o bá ti kúrò níbẹ̀, kí ẹni tó bá rí i bá mi wá ọ rí. Ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ tí mo nílò, tí Ìyá Onílé nílò jù mí lọ. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi lo mọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rántí orúkọ rẹ̀. Èmi ni òṣìṣẹ́ tó ń wá owó fún ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ ní ìjọba ìlú. Odindi ẹ̀ka ni wọ́n dá sílẹ̀ fún un, èmi nìkan ló sì wà nínú ẹ̀ka náà. Èmi ni olórí, èmi ni akọ̀wé, èmi ni mò ń pe ìpàdé. Ní ìpàdé tó kọjá, gbogbo wa fẹnu kò. Iṣẹ́ wa ni láti wá owó tí ìlú yóò fi múra de oòrùn tó ń gbóná sí i àti òjò tó ń le sí i. Gbogbo ayé ló gbà pé owó náà wà. Ibi tó wà gan-an ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí. Ní àdúgbò, Akọ̀wé Òjò ni wọ́n ń pè mí báyìí. Bí òjò bá rọ̀, èmi ni wọ́n ń bi pé kí ló dé tí mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n máa ń pè wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń wá owó. Ilé ìtura ni wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ooru la lọ sọ níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù sì mú wa débi pé súwẹ́tà ni olùkọ́ wọ̀ fi ń kọ́ wa. Ohun kan ṣoṣo tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà tíì mú wọ ìlú wa ni báàgì aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń pín fún wa bí a bá ń lọ. Ìyá Onílé ń kó àlùbọ́sà sí tèmi. Wọ́n ní báàgì náà lágbára, pé ìjọba ń gbìyànjú.

Ìwọ lo kọ́kọ́ gba yàrá òkè yìí kí n tó wá bá ọ nínú rẹ̀, nítorí náà mi ò ní máa júwe ilé fún onílé. Ṣùgbọ́n bóyá ibi tí o wà gbẹ débi pé o ti gbàgbé. Gọ́tà tó ń ti òkè bọ̀ ṣì parí síwájú ilé wa gan-an, bí ìtàn tí oorun gbé ẹni tó ń sọ ọ́ lọ. Owó agbaṣẹ́ṣe ló tán níbẹ̀. Omi kò gbọ́ pé owó ti tán. Ó ń bọ̀ ní tirẹ̀ láti òkè, ó dé ibi tí gọ́tà parí sí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yà sí yàrá Ìyá Onílé.

Búlọ́ọ̀kù ni Ìyá fi gbé ibùsùn wọn sókè. Bí òjò bá ti ṣú, èmi ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ fà wọ́n lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá mi. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi á dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, n ó jókòó lé e. Wọ́n á bú ọbẹ̀ mi. Wọ́n á bú bí mo ṣe ń ká aṣọ. Wọ́n á wá sọ ìtàn bí ọkọ wọn ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí tó sì gbàgbé fèrèsé ilé ìdáná. Mo ti mọ ìtàn náà sórí, bí wọ́n bá fo ibì kan, èmi ni mò ń rán wọn létí. Láti ìgbà tí o ti lọ, Ọ̀pá-iná, òjò nìkan ló ń mú àlejò wọ yàrá yìí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn mo máa ń ti inú kàn án wò, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń dún.

Ṣùgbọ́n òjò tó kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá kò ṣú kó tó rọ̀. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Nígbà tí mo fi máa dé, ibùsùn ti léfòó kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, Ìyá dúró nínú omi, wọ́n di irin fèrèsé mú, wọ́n sì bi mí pé kí ló pẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé búrẹ́dì ni wọ́n rán mi lọ rà. Láti ọjọ́ náà ni ikọ́ ti wọ̀ wọ́n láyà. Bí wọ́n bá ń mí, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà ní àyà wọn kò lè gba irú omi tútù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kí á pààrọ̀ yàrá. Wọ́n ní orúnkún àwọn kò lè máa gun òkè lójoojúmọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n tún ní, “Kí n wá sókè kí ìwọ lọ máa gbé inú omi? Ṣé ẹja ni ọ́ ni?” Òjò tuntun á bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnjiníà ìlú ní bí owó bá wọlé, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n máa fi fa gọ́tà náà kọjá ilé wa, kí òjò tó le. Ohun tí mò ń sá kiri sí nìyẹn, Ọ̀pá-iná. Kò sí òmíràn.

Àjọ àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé sí dá mi lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n ní nítorí kí èéfín tó ń mú ayé gbóná lè dín kù ni àwọn ṣe ń fún ìlú lówó, pé kí n ṣírò iye èéfín tí gọ́tà náà máa dín kù. Mo jáde, mo wo òpópónà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé yìnyín, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe omi dídì tà, ti kógbá wọlé kí àwa tó dé àdúgbò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ti Pẹ́ńtà, aládùúgbò wa tó ń kunlé, orí òkúta ló sì wà. A kò ní èéfín tí a ó dín kù. Ìṣẹ́ ti bá wa dín in kù tipẹ́, kò sì bèèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbé èsì náà lọ bá Dáyẹ́kítọ̀ wa. Wọ́n kà á, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ṣé kò sí bí a ṣe lè kọ́kọ́ wá èéfín díẹ̀.

Àjọ kejì ló ń sanwó fún omi. Ìdajì ọ̀fẹ́, ìdajì àyálò, kí ìlú máa san ìdajì náà padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Dáyẹ́kítọ̀ fọwọ́ sí i kí n tó ṣàlàyé tán, nítorí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá wọ́n á ti fẹ̀yìn tì. Àjọ náà fẹ́ràn ohun tí mo kọ, àmọ́ wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn gbọ́dọ̀ wá fojú rí i kí àwọn tó tú owó sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn la sì wà. Omi wo ni wọ́n fẹ́ rí? Mo ní kò séwu, ìlà omi wà.

O rántí ìlà náà, ìlà aláwọ̀ ẹrẹ̀ tí omi fà sára gbogbo ilé tó wà ní òpópónà wa. Ó gún régé bí ẹni pé ìwọ lo fi irinṣẹ́ rẹ fà á. Lára ilé wa, ìbàdí rẹ ló dé. Àwa tí Ọlọ́run kò kánjú fà ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé wa láyà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ìwé yẹn, kò sí èyí tó lágbára tó ìlà náà. Òun ni ẹlẹ́rìí wa, kì í parọ́, kì í sì í gba owó ọkọ̀.

Bí mo ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí àjọ náà máa wá, mo sọ fún Ìyá Onílé pé mo ní àlejò lọ́jọ́ Ẹtì, pé wọ́n fẹ́ wá wo àdúgbò wa. Tíì tí Ìyá ń mu dúró lọ́nà ẹnu.

“Àlejò? Tìẹ?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Tìẹ, ìwọ tí mò ń wò yìí?” Wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ di ẹnu fèrèsé mú. “Pẹ́ńtà! Pẹ́ńtà o! Akọ̀wé Òjò lálejò!”

Pẹ́ńtà yọrí láti ilé rẹ̀ lódìkejì. Ó ní, “Kí ló dé? Ta ló kú?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Mi ò rò ó mọ́, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni Dáyẹ́kítọ̀ rán mi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní ilé ìtura kan lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ la sì sùn títí di ọjọ́ Ẹtì. Àkòrí rẹ̀ ni bí a ṣe ń gba àlejò tó fẹ́ fún wa lówó. Wọ́n kọ́ wa pé kí á má tún ohunkóhun ṣe, kí á má bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, kí àlejò rí nǹkan bó ṣe wà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní báàgì.

Láti ilé ìtura náà, níbi tí wọ́n ti wá pàdé mi, ni èmi àti àwọn àlejò ti jọ wọ bọ́ọ̀sì bọ̀. Obìnrin onígíláàsì kan ni olórí wọn, kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù wá lọ lọ́jọ́ orí. Ọkùnrin oníkámẹ́rà kan tẹ̀ lé e. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń sọ fún wọn pé ìlà omi náà ni ojú wọn máa kọ́kọ́ bá pàdé. Bọ́ọ̀sì yà sí òpópónà wa. Mo sọ fún awakọ̀ pé ó ti ṣìnà.

Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ògiri ló funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, láti ilé àkọ́kọ́ dé ilé tó kẹ́yìn. Wọ́n ti gbálẹ̀. Wọ́n ti gé koríko. Wọ́n ti fi pákó bo ibi tí gọ́tà parí sí, wọ́n gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí. Àwọn ará àdúgbò tò síwájú ilé, gbogbo wọn ti wẹ̀. Ìyá Onílé jókòó láàárín, nínú aṣọ tí wọ́n ń tọ́jú de ọjọ́ ìsìnkú wọn. Àga yí wọn ká, àga onírúurú tí wọ́n yá láti ilé dé ilé.

Pẹ́ńtà sáré pàdé mi, ọ̀dà ṣì wà létí rẹ̀.

“Akọ̀wé Òjò, sọ òótọ́, báwo lo ṣe rí i?”

Mo ní, “Ìlà dà?”

“Ìlà wo?”

“Ìlà omi.”

“Ìdọ̀tí yẹn? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kun ọ̀dà lé e lórí. Ọ̀dà elépo ni. Kò lè yọjú mọ́ láyé. Omi gan-an tó bá fẹ́ gùn ún, á yọ̀ ṣubú.”

Obìnrin onígíláàsì ti lọ jókòó ti Ìyá. Ó kí wọn, ó béèrè bóyá omi ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyá ní, “Omi? Rárá o. Omi wo? A dúpẹ́.” Ó ní òjò ọdún tó kọjá ńkọ́? Ìyá ní, “Ó rọ̀, ó sì dá. Ṣé òjò kì í dá lọ́dọ̀ tiyín ni?” Wọ́n wá sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí, àmọ́ o mọ ohùn Ìyá, àṣírí wọn máa ń dé òdìkejì títì. Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́, ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ o. Láti ìgbà tó ti wọ ọ́fíìsì yẹn, omi ò wọlé wa mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kò ṣiṣẹ́, irọ́ ló pa mọ́ ọn.” Ikọ́ bá gbé wọn. Wọ́n wú u títí omi fi yọ lójú wọn, wọ́n ní erukú ni. Wọ́n ní kí làwọn àlejò máa mu.

Mo dá sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní Ìyá ń bò mí láṣìírí ni, omi ń wọlé, ibí ló ń dé. Mo gbé ọwọ́ lé ara ògiri. Ọwọ́ mi funfun, ọ̀dà kò tíì gbẹ tán níbẹ̀. Obìnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé nínú iṣẹ́ tiwọn, ẹnu ará àdúgbò ni wọ́n ti ń gbọ́ òótọ́, kì í ṣe ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin tó dára ni. Èmi fúnra mi ti yìn ín nínú ìwé tí mo kọ sí wọn.

Wọ́n jókòó pẹ́. Wọ́n mu omi ọsàn, wọ́n ya òdòdó orí gọ́tà ní fọ́tò. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn ń lọ, gbogbo òpópónà pàtẹ́wọ́. Èmi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Mo dúró ti Ìyá bí wọ́n ṣe ń kó àga padà. Mo fẹ́ bínú. Mo ti tò ó sẹ́nu bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Láti ìgbà tí Ọ̀pá-iná ti lọ, mi ò tíì rí ẹni tó wá bá ọ jókòó, àní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó máa ń ká mi lára. Mo bá sọ fún wọn pé ẹ jẹ́ ká tún ibí ṣe. Tí ibí bá wù wọ́n, wọ́n á máa wá.” Mo ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ti omi?” Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n ní, “Kí n máa ka ìyà sílẹ̀ níwájú àlejò ọmọ mi?”

Mo bá gbé ìbínú mi mì.

Nínú àwọn àga yẹn, ọ̀kan wà tí wọn ò yá. Ìyá ló rà á. Wọ́n ní kí Pẹ́ńtà gbé e gòkè wá fún mi, kí àlejò mi má baà máa jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kò tíì sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Èmi pàápàá ò jókòó lé e, ó dà bí ẹni pé n ó ba nǹkan jẹ́.

Èsì àjọ dé lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n kí wa kú oríire. Wọ́n ní inú àwọn dùn láti rí òpópónà tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́gun omi, pé ìlú mìíràn tí ògiri wọn ṣì dọ̀tí ni owó náà yóò lọ. Àmọ́ nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ohun tó ṣe pàtàkì, wọ́n ní bí a bá ní àwòrán tí a yà kí àwọn tó wá, tí ọjọ́ tí a yà á hàn, tí ó sì fi bí omi ṣe ga tó hàn pẹ̀lú ohun tí a fi ń wọn nǹkan, kí a fi ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, àwọn á tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Pẹ́ńtà nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó ní kí n má sunkún, òun lè bá wa kun ìlà omi tuntun tó máa dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní irọ́ nìyẹn. Ó ní, “Irọ́ kẹ̀? Àtúnṣe ni.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kò mọ nǹkan kan. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bóyá inú àwọn àlejò mi dùn, mo sì ń sọ fún wọn pé inú wọn dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní ìgbà wo ni wọ́n máa padà wá? Mo ní wọ́n jìnnà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ nìyí, Ọ̀pá-iná. Rántí òjò ńlá tó rọ̀ kí o tó kó lọ. Omi ṣì kún òpópónà nígbà tí o gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀ rẹ tó ní pupa àti funfun, o lọ dúró ti ògiri wa, o ní kí n ya ọ́ kí wọ́n lè rí i níbi iṣẹ́ rẹ pé kò sí ibi tí o kò lè wọ̀n. Fóònù tìrẹ ni mo fi yà á. Ọ̀pá náà wà nínú rẹ̀, omi wà nínú rẹ̀, ìwọ ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀, Ìyá Onílé sì wà lẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ wọn lókè, wọ́n ń bú àwa méjèèjì. Fóònù tèmi ti bómi lọ. Kò sí àwòrán òmíràn ní gbogbo òpópónà yìí, nítorí kò sẹ́ni tó ń ya omi tó wọ ilé rẹ̀, àyàfi wèrè bíi tìẹ. Jọ̀ọ́, wá fọ́tò náà. Bí o bá ti pààrọ̀ fóònù, wá èyí àtijọ́. Bí o bá ti tà á, bẹ ẹni tó rà á. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì àti nọ́ńbà mi wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Mo ti ronú ohun kan tí mi ò lè bá ẹlòmíràn sọ. Bí fọ́tò náà bá dé tí owó sì wọlé, gọ́tà á kọjá, omi á bá tirẹ̀ lọ, Ìyá á máa sùn nísàlẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ. Bí òjò bá rọ̀, kò ní sí ìdí tí wọ́n fi máa gun òkè wá bú ọbẹ̀ mi mọ́. Gbogbo agbára tí mo ní ni mo fi ń wá owó tí n ó fi lé àlejò mi kan ṣoṣo lọ. Mo gbé e síwá, mo gbé e sẹ́yìn. Kí wọ́n máa mí dáadáa. N ó máa sọ ìtàn fèrèsé ilé ìdáná náà fún ara mi, mo ti mọ̀ ọ́n sórí.

Bí o bá sì lè mú fọ́tò náà wá fúnra rẹ, àga ti wà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé ìrẹsì ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wa ní póólì. Kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, bí wọ́n bá wà. Pẹ́ńtà ní kí n kí ọ, ó ní bí ilé kan bá wà níbẹ̀ tí ó dọ̀tí, kí o ránṣẹ́ pe òun. Ìyá Onílé kí ọ, wọ́n ní o ò tíì dá ìgbálẹ̀ àwọn padà. Obìnrin tó ni nọ́ńbà rẹ náà kí ọ.

Èmi ni, tìrẹ ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn,
Akọ̀wé Òjò.

Mo tún já àpòòwé yìí lẹ́yìn tí mo ti lẹ̀ ẹ́ pa, kí n lè da ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi kọ síbí fún ọ:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ LÁTI Ọ́FÍÌSÌ DÁYẸ́KÍTỌ̀

A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ àti ará ìlú pé a ti yan Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Yìnyín gẹ́gẹ́ bí òpópónà àwòkọ́ṣe tí omi kò lè wọ̀. Ayẹyẹ ṣíṣí pátákó yóò wáyé níwájú ilé Ìyá Onílé, ní Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Kí olúkúlùkù gbé àga tirẹ̀ dání. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, a ó sún ayẹyẹ di ọjọ́ mìíràn, nítorí òpópónà náà kì í ṣeé gbà bí òjò bá rọ̀.